Kí ẹ tó bi í pé "Ṣé ẹ ti lọ́kọ?": ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ń tọ́jú ọkàn àwọn queer àti àwọn tí ayé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́

Obìnrin náà ti jókòó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó rí i pé kò tíì fẹ̀yìn ti àga. Fọ́ọ̀mù tí mo fún un wà lórí itan rẹ̀. Ó ti kọ orúkọ, ó ti kọ ọjọ́ orí àti àdírẹ́sì, ó wá dúró síbi tí a kọ "Orúkọ ọkọ" sí. Ó ń fi bírò tẹ ojú ibẹ̀, kò kọ nǹkan kan, títí bébà fi lu. Èmi náà, nínú àìmọ̀kan mi nígbà yẹn, mo ní, "Ṣé ẹ ò tíì lọ́kọ ni? Ẹ má dààmú, Ọlọ́run á ṣe é." Ó ní, "Àmín, mà." Kò padà wá mọ́.

Títí di òní, mi ò mọ ohun tó gbé e wá. Ohun tó lé e lọ ni mo mọ̀: fọ́ọ̀mù mi àti ẹnu mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní àkọ́tún, ohun tí mo rí kọ́ ni mo kó jọ síbí fún ẹ̀yin kanselọ, nọ́ọ̀sì, sáíkọ́lọ́jísìtì àti gbogbo ẹni tí ènìyàn ń jókòó síwájú rẹ̀ láti sọ ohun tó wà nínú. Ní ti àwọn tí mo bá mẹ́nu bà, mo ti yí ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá wọn mọ̀ padà, mo sì po ìtàn ẹni méjì mẹ́ta pọ̀ níbòmíràn.

Àwọn wo là ń sọ? Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ẹni tó ń fẹ́ méjèèjì, ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin tàbí tí wọ́n bí ní obìnrin tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin (àwọn yìí ni wọ́n ń pè ní trans). Queer ni ọ̀pọ̀ wọn ń pe ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan àfín, adití, abirùn àti ẹni tó ní kòkòrò HIV lára pẹ̀lú, nítorí ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn: ayé ti sọ wọ́n di ohun àpèjúwe kí wọ́n tó la ẹnu. Ìtọ́jú tí mo ń sọ kì í wo irú ẹni tí ènìyàn jẹ́ bí àìsàn, kì í sì gbìyànjú láti yí i padà. Ohun tó ń dun ẹni náà ló ń tọ́jú. Èrò tèmi, tí mo máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ni pé nílẹ̀ tiwa, ààbò gbọ́dọ̀ ṣíwájú ìtúra-ẹni-sílẹ̀, ìyẹn kí ènìyàn sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n kọ lókè òkun gbé ìtúra-ẹni-sílẹ̀ ṣíwájú. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ara yín

Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ ti ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́ ní kékeré nípa ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin, ẹni tó sọ ọ́, àti ibi tí ẹ wà. Tèmi rèé: ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, a wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ń fi ọmọkùnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bó ṣe ń rìn, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé wọ yàrá ìtọ́jú lẹ́yìn ogún ọdún, mi ò mọ̀ pé ó wà lára mi. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: bí ọmọ tí mo bí bá sọ fún mi lálẹ́ òní pé bí òun ṣe rí nìyí, kí ni ojú mi máa ṣe kí ẹnu mi tó sọ̀rọ̀? Ojú yẹn ni ẹni tó wá sọ́dọ̀ yín máa kà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ka ojú ènìyàn, òun ló ń dá ẹ̀mí wọn sí.

Ẹ jẹ́ kí ìmọ̀ yín náà dúró lórí ilẹ̀ tó le. Ní oṣù Kejìlá 1973, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yọ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin kúrò nínú ìwé tí wọ́n ń to àìsàn ọpọlọ sí. Àjọ ìlera àgbáyé ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1990. Ní 2019, àjọ kan náà gbé ọ̀rọ̀ àwọn trans kúrò lára àìsàn ọpọlọ. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ lágbàáyé sọ pé kò sí ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan pé a lè yí irú ẹni tí ọkàn ènìyàn ń fà sí padà. Bùràsíl ti ṣíwájú ìyẹn: láti 1999 ni ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn sáíkọ́lọ́jísìtì níbẹ̀ ti kà á léèwọ̀ fún wọn láti máa ṣe ìtọ́jú tó ń ṣèlérí ìyípadà.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo ara yín dáadáa tí ẹ rí i pé ẹ ò lè ṣe é láìdá a lẹ́jọ́, ẹ fà á lé ẹni tó lè ṣe é lọ́wọ́, kó sì jẹ́ ní ìjókòó àkọ́kọ́, kó tó tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ sọ pé, "Ẹnì kan wà tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo jù. Ó ti gbọ́ ìyẹn rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: fọ́ọ̀mù, fáìlì, fóònù

Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lélẹ̀ fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó bá fẹ́ra wọn sílé ní Nàìjíríà, ó sì fi ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Òfin náà kò gùn, ẹ kà á fúnra yín. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tó ní kí olùtọ́jú má tọ́jú ẹnikẹ́ni, kò sì sí ibi tó ti ní kí ẹ lọ fi ẹni tó wá gba ìtọ́jú sùn. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014, ní abala 26, tilẹ̀ sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹni tó wá gba ìtọ́jú, àyàfi bí òun fúnra rẹ̀ bá kọ̀wé fọwọ́ sí i, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, àti láwọn ipò díẹ̀ mìíràn tí òfin náà kà sílẹ̀. Ẹ bá agbẹjọ́rò jókòó lẹ́ẹ̀kan lórí èyí, kí ọkàn yín balẹ̀. Olùtọ́jú tí ẹ̀rù ń bà kò lè fi ẹlòmíràn lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ mú fọ́ọ̀mù yín, kí ẹ pa "Orúkọ ọkọ tàbí ìyàwó" rẹ́. Ẹ fi ìbéèrè méjì rọ́pò rẹ̀: "Ta ni kí a pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?" àti "Ta ni a kò gbọ́dọ̀ pè?" Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lo ìbéèrè kejì yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ orúkọ bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù lé tábìlì, ó wá mí kanlẹ̀. A kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Fáìlì: ẹ fi nọ́ńbà pè é, kí ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà níbòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ nílò nìkan. "Oorun kò tó, ó ń bẹ̀rù ìyapa pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn" ti tó. Orúkọ olólùfẹ́ kò yẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Fóònù: ẹ bi í bóyá ẹlòmíràn ń ṣí WhatsApp rẹ̀. Kí àtẹ̀jíṣẹ́ yín má gbé orúkọ ilé ìtọ́jú. "A ó rí ara wa ní aago mẹ́rin" tó. Ẹ sì kọ́ ẹni tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ní ohun tí ẹ kọ́ ara yín, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ rí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹnu yín

Ibí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́. Èdè wa ti fún wa ní ẹ̀bùn kan tí olùtọ́jú tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní. "Ó" wa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. "Òun", "rẹ̀", "ẹ̀gbọ́n", "àbúrò", "ọmọ", "olólùfẹ́", "ẹnìkejì", gbogbo wọn ṣí sílẹ̀. Ènìyàn lè fi odindi wákàtí kan sọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn ní Yorùbá láìparọ́ kankan, láì sì tú ara rẹ̀ fó. Ọ̀pọ̀ wọn ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, wọ́n sì ń fi í dáàbò bo ara wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ bá wọn dúró nínú "ó" yẹn. Àwa ni a máa ń fi ìkánjú tì í: "Ṣé bọ̀ọ̀dá yẹn náà mọ̀?" "Kí ni ọkọ yín sọ?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn máa ń ti ilẹ̀kùn pa.

Ẹ wo bó ṣe lè lọ:

"Mo ń bá ẹnì kan gbé."

"Ẹ ṣeun. Báwo ni ilé ṣe rí fún ẹ̀yin méjèèjì?"

Ó dákẹ́. Ó wo ilẹ̀kùn. "Obìnrin ni."

"Mo gbọ́. Báwo ni ilé ṣe rí fún ẹ̀yin méjèèjì?"

Ìbéèrè kan náà, ohùn kan náà. Ẹ má yára sọ pé "Kò sí wàhálà" tàbí "Èmi ò kórìíra yín o." Irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé ẹ ti ro ìkórìíra náà wò. Ìbéèrè tí ẹ tún bi láìyí i padà ni yóò sọ fún un pé ohun tó sọ kò ba nǹkan kan jẹ́ láàrin yín.

Ẹ máa fi "ẹ" bá wọn sọ̀rọ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ti nà tàbí tí wọ́n ti lé kúrò nílé, "ìwọ" ni wọ́n fi lé wọn. Bí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, tó sì ní kí ẹ máa pe òun ní ìwọ, ẹ gbà.

Àwọn ọ̀rọ̀ èébú tí ìgboro ń lò fún àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, mi ò ní kọ wọ́n síbí. Ẹ ò gbọ́dọ̀ lò wọ́n, kódà láti ṣàlàyé. Bí òun fúnra rẹ̀ bá fi bú ara rẹ̀, ẹ rọra bi í pé, "Ohùn ta ni mo gbọ́ yẹn?" Ó máa ń mọ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá fi pe ara rẹ̀, gay, lẹ́sbíà, trans tàbí queer, ni kí ẹ̀yin náà fi pè é. Bí kò bá lo ìkankan, ẹ má ṣe fún un ní orúkọ. Ẹ sọ pé "ẹni tí ọkàn yín fẹ́."

Orúkọ wá ńkọ́? Fún ẹni tó jẹ́ trans, èdè wa tún ṣàánú díẹ̀: Tèmítọ́pẹ́, Ayọ̀délé, Olúwaṣeun kò ní akọ bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní abo, ọ̀pọ̀ kì í sì í yí tiwọn padà. Oríkì ló máa ń ta wọ́n lára. Àkànní, Àjàní, Àlàó, ọkùnrin ni. Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, obìnrin ni. Ẹnì kan tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin, jókòó síwájú mi, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Tí màmá àgbà bá ń kì mí ní Àkànní, omi máa ń bọ́ lójú mi. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ náà wà níbẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni wọ́n ń kì." Ìwé tí mo kà ní kí n gbà á níyànjú láti fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀. Mi ò ṣe é. Oríkì kì í ṣe orúkọ inú ìwé ìrìnnà, ẹnu ẹni tó tọ́ni dàgbà ló ń gbé. A jókòó ti ìrora àti ayọ̀ náà pọ̀ fún ìjókòó mẹ́ta. Ohun tó yàn níkẹyìn ni pé kí màmá àgbà máa kì òun lọ, kí ọ̀rẹ́ kan tó fọkàn tán sì máa pe òun ní Àbẹ̀kẹ́. Ẹ bi tiyín pé, "Kí ni kí n máa pè yín nínú yàrá yìí? Kí ni kí n pè yín bí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀?" Ìdáhùn méjèèjì lè yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tọ́jú ohun tó gbé e wá

Èyí kúrú. Bí lẹ́sbíà bá wá nítorí ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀, ọ̀fọ̀ ni kí ẹ tọ́jú. Bí àfín bá wá nítorí pé kò rí oorun sùn kí ìdánwò tó dé, ẹ bi í nípa ìdánwò. Ó ti rẹ̀ wọ́n láti máa fi ìgbésí ayé wọn kọ́ àwọn olùtọ́jú lẹ́kọ̀ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ bá a tú ẹrù

Ní 2003, Ilan Meyer, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí tí àárẹ̀ ọkàn fi pọ̀ láàrin àwọn gay, lẹ́sbíà àti àwọn tó ń fẹ́ méjèèjì. Ohun tó tọ́ka sí ni wàhálà àfikún tí ẹni tí àwùjọ kórìíra ń rù lórí wàhálà tí gbogbo ayé ń rù. Bí mo ṣe máa ń tú u fún àwọn tó wá rèé: ẹrù mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́, ẹgba tí wọ́n nà ọ́. Èkejì, ẹgba tí o ń retí. Ẹ̀kẹta, fífi ara pamọ́. Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ wọn tí o ti gbé mì tí o wá ń rò pé tìrẹ ni.

Ẹ fún un ní bébà kan, kó fa ìlà kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kan, láti ìgbà tó jí dé ìgbà tó sùn. Kó fi àmì sí gbogbo ibi tó ti yí ara rẹ̀ padà: ohùn, ìrìn, ìtàn tó sọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ka méje kó tó di ọ̀sán. Nígbà tí ọlọ́kadà ní "Bọ̀ọ̀dá, ìyàwó ńkọ́?" Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nígbà tí màmá rẹ̀ pè é lórí fóònù, tó ki ohùn sí ìsàlẹ̀ kó tó ní "Ẹ káàárọ̀, mà." Ó wo bébà náà títí, ó ní, "Abájọ tó fi ń rẹ̀ mí." Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe iṣẹ́ tí àlàyé mi kò lè ṣe. Tẹ́lẹ̀, ọ̀lẹ ló rò pé òun jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í: èwo nínú wọn lo lè sọ̀ kalẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí láìséwu? Ó lè jẹ́ ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ wákàtí kan lọ́jọ́ Sátidé nílé ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń lo ìtọ́jú tó ń yẹ èrò ọkàn wò. Èrò bíi "ẹni ègún ni mí", ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wá orísun rẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n èrò bíi "bí wọ́n bá mọ̀ ní àdúgbò, wọ́n máa lù mí", ẹ má pe ìyẹn ní àsọdùn. Òótọ́ lè ni. Ìbẹ̀rù tó jẹ́ òótọ́, ètò ààbò la fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo ti rí olùtọ́jú tó ní kí ẹnì kan lọ dán ìbẹ̀rù rẹ̀ wò bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ojú egbò ni ẹni náà fi padà wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹbí, àti ọ̀rọ̀ "ṣé kí n sọ fún wọn?"

Ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò fi aláìsàn ọpọlọ sílé àwọn ará abúlé tó wà láyìíká ilé ìwòsàn, ẹbí ẹni náà á sì bá a gbé ibẹ̀, wọn á máa se oúnjẹ fún un. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí Lámbò rí ṣì jẹ́ òótọ́: ènìyàn wa kì í gbádùn tán láìsí ẹbí. Ìṣòro ibí yìí ni pé ilé lè jẹ́ ibi tí ọgbẹ́ ti wá. Nítorí náà, ẹ má pe ẹbí wọlé láìgbàṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì pa wọ́n tì. Ẹ jẹ́ kó fa òbìrìkìtì mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, kó fi orúkọ sí i: ẹni tó mọ̀, ẹni tó fura, ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, àǹtí kan tàbí ẹ̀gbọ́n kan wà ní òbìrìkìtì àárín tó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́.

Kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbéèrè mẹ́rin: Ta ló ń san owó ilé rẹ? Bí wọ́n bá lé ọ lálẹ́ òní, ibo lo máa sùn? Níbo ni sátífíkéètì àti ìwé ìrìnnà rẹ wà? Ta ló máa gbé fóònù bí o bá pè é láàrin òru? Bí ìdáhùn kan bá ṣófo, ẹ dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn yẹn. Bisi Alimi, ọmọ Nàìjíríà kan tó jẹ́ gay, sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba lórí NTA ní 2004, lórí ètò Fúnmi Ìyàndá. Ní 2007, ó sá kúrò nílùú lọ sí London. Ìgboyà ńlá ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn ṣe ìgboyà.

Ẹ ṣe ìdánrawò fún ọdún Iléyá àti Kérésì, nígbà tí ìbéèrè máa ń rọ̀ bí òjò: "Ìgbà wo la máa wá jẹ ìrẹsì?" Ẹ jẹ́ kó dáhùn sókè nínú yàrá, kí ẹ̀yin jẹ́ àǹtí náà. Ìdáhùn tó dára jù tí mo gbọ́ ni, "Ẹ ṣáà máa bá mi fi sínú àdúrà, mà." Ó fún àgbà ní iṣẹ́ ṣe, kò sì purọ́.

Bí ẹni náà bá ti gbéyàwó tàbí tó ti lọ́kọ nítorí ẹbí, ẹ má kánjú sí ìkọ̀sílẹ̀, ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tó wà nílé náà lọ́kàn. Ẹ sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ara àti ààbò fún àwọn méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀sìn

Ẹ bi í tààrà: "Ṣé wọ́n ti mú yín lọ síbì kan láti yí yín padà?" Ẹ má sọ ìdí, ẹ má tọ́ka ẹnikẹ́ni. Ẹ máa gbọ́ nípa ààwẹ̀ àfipáṣe, ẹgba, oorun lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà mìíràn láti ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn wọn gan-an. Ìfìyàjẹni ni. Bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹni tí adigunjalè dá lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ara kọ́kọ́ balẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò fẹ́ fi Ọlọ́run sílẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n pé, "Nígbà tí ẹ bá gbàdúrà nìkan, láìsí ẹnikẹ́ni, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀? Báwo ló ṣe ń wo yín?" Fún àwọn tí ìṣẹ̀ṣe bá wà lọ́kàn wọn, ọ̀rọ̀ orí inú máa ń ṣí nǹkan. Àkúnlẹ̀yàn ni àdáyébá, àwọn baba wa ló sọ ọ́. Àwọn kan máa ń rántí pé ọkùnrin adóṣù Ṣàngó ń dirun bí obìnrin, ìyàwó òrìṣà sì ni wọ́n ń pè é, àti pé ní Bùràsíl àti Kúbà, tọkùnrin tobìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òrìṣà ló ń jẹ́ ìyàwó títí di òní. Mi ò ní kí ẹ fi èyí sọ pé àwọn baba ńlá wa fọwọ́ sí ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ òrìṣà yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé àjèjì lòun nílẹ̀ baba òun, ó yẹ kó mọ̀ pé akọ àti abo ti rìn pọ̀ nínú ara kan rí lójúbọ wa.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kítò, àti òru tó le

Kítò ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ queer ń pe kí ènìyàn fi ìfẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tan ẹlòmíràn jáde, kí wọ́n nà án, kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì halẹ̀ pé àwọn á tú àṣírí rẹ̀. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wá, ẹ má bi í pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ẹ wo ọgbẹ́ ara. Ẹ jẹ́ kó tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àti nọ́ńbà àkáǹtì tí wọ́n ní kó fowó sí. Kó má san owó lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tó bá rí gbà lẹ́ẹ̀kan máa padà wá. Kí ẹnì kan ṣoṣo tó fọkàn tán mọ̀. Bó bá fẹ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá, agbẹjọ́rò ni kó mú lọ. Ẹgbẹ́ TIERs (The Initiative for Equal Rights) ní Èkó ti wà láti 2005, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn wọ̀nyí sì ni iṣẹ́ wọn.

Ní ti ikú: ẹ bi í gbangba. "Ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín?" Ẹ má bi í pé "Ṣé ẹ ò ní ṣe nǹkan tí kò dáa?" Ìbéèrè yẹn ti gbé ìdáhùn tirẹ̀ dání. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìhà gúúsù jogún, abala 327, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni wọ́n kọ fún ẹni tó gbìyànjú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì mọ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á mọ́ra. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin kò pe ọlọ́pàá sí i, ìtọ́jú lẹ fẹ́. Ẹ jọ kọ ọ́ sórí bébà kékeré tó lè wọ àpò: wákàtí wo ló máa ń le jù, kí ló máa ń ṣe tó fi ń kọjá, àwọn ẹni mẹ́ta wo ló lè pè. Kí ẹnì kan bá a gbé ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé. Ẹ pè é lọ́jọ́ kejì. Bí ewu bá ti sún mọ́, ilé ìwòsàn ni, kí ẹ sì bá a lọ bí ẹ bá lè lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: bó bá jẹ́ lókè òkun

Àwọn kan nínú yín ń bá ọmọ Yorùbá tó ń tọrọ ààbò ní Bìrìtéènì ṣiṣẹ́. Ní oṣù Keje 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dájọ́ pé wọn kò lè dá ènìyàn padà sílé kí wọ́n ní kó lọ fi ara pamọ́, bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ìyà ló ń mú un fara pamọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí: ìgbà tó ti ń wá, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀ bó bá rántí. Ẹ má kọ pé ẹ jẹ́rìí sí irú ẹni tó jẹ́, ẹ ò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ Yorùbá ní London, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kan náà ni wọ́n jọ ń lọ pẹ̀lú ẹbí ẹni tó wá. Ẹ bi ẹni náà ṣáájú, ẹ lo ògbufọ̀ orí fóònù tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì jọ fẹnu kò pẹ̀lú ògbufọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lò. Mo ti jókòó sí yàrá kan tí òyìnbó ti sọ pé "lesbian", tí ògbufọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ sí èébú. Òyìnbó náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò mọ̀. Ọmọbìnrin náà di ẹni tí ń wo ilẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: bí ẹ bá pàdé níta

Ìlú wa kò tóbi. Ẹ máa pàdé ní ọjà Bódìjà, ní ìsìnkú, ní ìgbéyàwó. Láti ìjókòó àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bi í pé, "Bí a bá rí ara wa níta, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?" Kí òun ni kó kọ́kọ́ kí yín, bí ó bá fẹ́. Èyí ṣòro fún wa, nítorí ẹni tí a bá mọ̀ tí a kò kí, ìbínú la fi hàn yẹn. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ìfẹ́ ni. Kí ẹ sì jọ mú ìtàn kékeré kan tí ẹ̀yin méjèèjì máa sọ bí ìyá rẹ̀ bá bèèrè ibi tí ẹ ti mọ ara yín, kó jẹ́ òótọ́ dé ibi tó bá lè jẹ́ òótọ́ dé: "Wọ́n wá sọ̀rọ̀ ní ilé iṣẹ́ wa rí."

Lọ́dún tó kọjá, níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí kan, mo gbójú sókè láti inú àwo ìrẹsì mi, mo rí ẹnì kan tí ìjókòó wa ti parí láti bí oṣù mẹ́rin. Òun àti màmá rẹ̀ ń bọ̀, aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé lọ́rùn àwọn méjèèjì. Mo yí ojú sí àwo mi. Wọ́n kọjá. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó padà wá lóun nìkan, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ní, "Ẹ kú ìgbádùn, mà." Mo ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ kú ìnáwó." Ó dìde, ó padà sídìí tábìlì wọn.